Máàkì Tó Di Ẹjọ́

Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, tí Hidaayah rí mọ́kànléláàádọ́rin níwájú orúkọ rẹ̀, kò pariwo, kò sì fò sókè. Ńṣe ló tẹjú mọ́ fóònù ọwọ́ rẹ̀. Ó pa ojú ìwé náà dé, ó tún un ṣí. Mọ́kànléláàádọ́rin náà ni. Inú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ní Apple Junction nílùú Èkó ló wà, láàárín páálí mílíìkì àti àpò ṣúgà. Àwọn oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń jáde, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti di. Ohun kan ṣoṣo tó ń sọ nínú ara rẹ̀ ni pé, "Wọn ò ní gbà pé èmi ni mo ṣe é."

Ìdí wà tó fi rò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Sígínà àti Sísítẹ̀mù ni, ní ẹ̀ka ẹnjiníà iná mànàmáná ní yunifásítì, ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ sì nìyí tó ń jókòó fún ìdánwò rẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó gba mọ́kàndínlógún. Lọ́dún kejì, ó gba mẹ́tàlélógún. Òfin ẹ̀ka wọn ni pé ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Dammy tó máa ń jókòó tì í ní kíláàsì ti palẹ̀ tirẹ̀ mọ́. Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá ló wà báyìí tó ń tún fóònù ṣe, kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ yunifásítì létí òun mọ́.

Bàbá Hidaayah, Alájì Mùsúdù, kò mọ ọ̀kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ọjà tó ń tà ló fi rán ọmọ níléèwé. Ní gbogbo ìgbà tó bá béèrè èsì ìdánwò, Hidaayah á ní, "Mo páàsì, Bàámi." Ọkùnrin náà á rẹ́rìn-ín, á sì sọ fún oníbàárà tó bá wà níwájú rẹ̀ pé, "Ẹnjiníà mi rèé o. Tí iná yín bá bàjẹ́, ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ máa pè." Bó bá ti sọ ọ́ báyẹn, Hidaayah á wá nǹkan kan ṣe lẹ́yìn páálí kí bàbá òun má baà rí ojú òun.

Lẹ́yìn ìkùnà kejì ni Mọ́mì Adébánjí wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin àgbàlagbà kan ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló ti fẹ̀yìntì. Ẹnjiníà tẹlifóònù ni nígbà tí àwọn obìnrin tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ilé tí ìjọba pín fún òun àti ọkọ rẹ̀ ní Festac ló ṣì ń gbé lẹ́yìn tí ọkọ ti kú. Ó wá ra tíì lọ́jọ́ kan, ó sì bá Hidaayah tó dojú bo ìwé lórí káńtà, tó ń sunkún láìjẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde. Ó fa ìwé náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè, ó wo irú ìṣirò tó wà níbẹ̀.

"Kọnfolúṣọ̀n?" ó ní. "Kọnfolúṣọ̀n lò ń sunkún lé lórí?"

Hidaayah nu ojú rẹ̀ kíá. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jẹ́ kí Bàámi gbọ́."

Obìnrin náà wo ẹ̀yìn, ó rí Alájì Mùsúdù tó ń bá oníbàárà dúnàá-dúrà níta. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wá sílé mi lọ́jọ́ Sátidé. Má mú ìwé wá."

Ẹ̀rù ni Hidaayah fi lọ. Ìwé yẹn ti di ohun tí kò lè wò lójú. Bó bá ti ṣí i, tó rí àmì ìṣirò gígùn kan tó tẹ̀ lókè tó tẹ̀ nísàlẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ojú rẹ̀ á ṣú, á sì pa á dé kíá. Ó rò pé ohun tí Mọ́mì Adébánjí máa kọ́kọ́ ṣe ni kó gbé ìṣirò síwájú òun, kó wá rí i pé òun kò mọ nǹkan kan, kó sì lé òun lọ.

Àmọ́ ẹ̀yìn ilé ni obìnrin náà mú un lọ. Táńkì omi dúdú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, tó ṣófo. Mọ́mì Adébánjí fi ṣíbí ìdáná gbá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Kí lo gbọ́?"

"Ó dún, mà. Ó wá ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kú."

"Tí mo bá tún gbá a kí ìró àkọ́kọ́ tó kú ńkọ́?"

Hidaayah ronú. "A máa gbọ́ méjèèjì pọ̀. Ìyókù ti àkọ́kọ́ máa wà nísàlẹ̀ ti èkejì."

"Tí mo bá ń gbá a lọ láìdúró, tí mo gbá òmíràn kíkan, tí mo gbá òmíràn jẹ́jẹ́?"

"A máa ro gbogbo ìyókù wọn pọ̀ mọ́ra, mà."

"O ti ṣe kọnfolúṣọ̀n," ni Mọ́mì Adébánjí wí, ó sì dá ṣíbí náà padà sápò aṣọ rẹ̀. "Táńkì yìí ni sísítẹ̀mù. Gbígbá tí mò ń gbá a ni sígínà tó ń wọlé. Ohun tó o gbọ́ ni sígínà tó jáde. Bó o bá ti mọ ohun tí sísítẹ̀mù ń ṣe sí gbígbá ẹyọ kan, o ti mọ ohun tó máa ṣe sí gbogbo nǹkan láyé. Àwọn àmì inú ìwé yẹn, ohun tó o sọ lẹ́nu yìí náà ni wọ́n ń sọ. Ìwọ ni o kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀, torí ẹ̀rù ń bà ẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Sátidé kan kì í yẹ̀. Ìgbà tó di oṣù kẹta, Hidaayah ti lè ṣí ìwé láìmí gúlegúle. Àmọ́ ní oṣù náà gan-an ni ẹ̀rù mìíràn wọlé. Mọ́mì Adébánjí ń kọ ìṣirò kan lọ́wọ́ lórí tábìlì, bíró rẹ̀ sì dúró láàárín ìlà. Ó wo ohun tó ti kọ. Ó wo ògiri. Ó wo Hidaayah.

"Kí ni mò ń ṣe?" ó béèrè.

Hidaayah kọ́kọ́ rò pé ó ń dán òun wò ni. Ìgbà tó wo ojú rẹ̀ ló rí i pé kì í ṣe àdánwò. Ìbẹ̀rù tó wà lójú obìnrin náà, òun náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Irú èyí tó máa ń mú òun níwájú ìwé ìdánwò ni. Ó fara balẹ̀, ó ní, "Ẹ fẹ́ fi ìṣirò Fúríà yí i padà ni, mà. Ẹ ní kí n wo bó ṣe pín sí ìgbì kéékèèké."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí bíró tó tún rìn. Nígbà tí wọ́n parí, Mọ́mì Adébánjí di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Oníṣègùn ti sọ fún mi pé bí àìsàn ìgbàgbé yìí ṣe máa máa ṣe nìyẹn. Fadékẹ́mi ọmọ mi mọ̀. Ìwọ ni ẹnì kejì. Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa fi ojú àánú wò mí ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Mi ò ní sọ, mà."

"Láti òní lọ, ìwọ lo máa kọ́kọ́ máa kọ́ mi ní ohun tá a ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, ká tó bọ́ sí tuntun. Tí n bá gbàgbé, ìwọ á rántí."

Ohun tó sọ Hidaayah di akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ní láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún ẹni tó gbọ́n ju òun lọ, tí ọ̀rọ̀ náà sì lè sá mọ́ onítọ̀hún lọ́wọ́ nígbàkigbà, kò lè há a sórí lásán. Ó ní láti yé e dé ìdí. Bó ṣe gba mọ́kànléláàádọ́rin nìyẹn, tó sì jẹ́ pé nínú gbogbo kíláàsì, kò sẹ́ni tó gba jù ú lọ.

Ní ọjọ́ kejì tí èsì jáde, lẹ́tà dé láti yunifásítì sórí fóònù rẹ̀. Wọ́n ti mú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tó rí ìbéèrè ìdánwò náà ṣáájú. Wọ́n wá ń yẹ gbogbo èsì tó bá ṣe wọ́n ní kàyéfì wò. Kí Hidaayah yọjú síwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, kó mú òbí tàbí alágbàtọ́ dání, kó sì mú ẹ̀rí tó bá ní wá. Ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi, lílé ni.

Ara Hidaayah tutù bí omi inú àmù. Ohun tí ó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni Mọ́mì Adébánjí. Bí ẹnjiníà àgbà bẹ́ẹ̀ bá bá òun dé ibẹ̀, tó sọ fún wọn pé, "Èmi ni mo kọ́ ọ," ta ló máa jiyàn? Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Festac lọ́sàn-án ọjọ́ Túsìdeè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré láti ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀ dé ẹnu géètì.

Mọ́mì Adébánjí fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí wọ́n máa ń rín sí àlejò.

"Ẹ káàsán mà."

"Káàsán o, ọmọ mi. Ta lò ń wá?"

Hidaayah dúró lójú kan. "Èmi ni, mà. Hidaayah."

"Hidaayah." Obìnrin náà tún orúkọ náà sọ bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Ṣé ọ̀dọ̀ Fadékẹ́mi lo ti wá ni?"

Fadékẹ́mi jáde láti inú yàrá. Ó ti wá láti ilé rẹ̀ ní Alákijà láti ọjọ́ Sọ́ńdè, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n fún àìsùn. Ó fa Hidaayah sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Má jẹ́ kó dùn ẹ́. Láàárọ̀ yìí, wọn ò mọ èmi náà. Iyè wọn máa ń lọ, ó máa ń bọ̀. Kí lo fẹ́ bá wọn sọ?"

Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu Hidaayah, ó gbé e mì. Lójú inú, ó rí ìyá náà níwájú àwọn àjèjì, tí wọ́n ń bi í ní ìbéèrè, tí bíró rẹ̀ sì dúró láàárín ìlà. "Kò sí nǹkan, Àǹtí mi. Mo kàn ní kí n kí wọn ni."

Ó dágbére, ó jáde sí títì. Kò sí ẹlẹ́rìí mọ́. Ó sì ku bó ṣe máa sọ fún bàbá rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, nígbà tí Alájì Mùsúdù ń ká ẹní ìrun rẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, Hidaayah kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ọjọ́ tirẹ̀ ti pé. Ó sọ ti mọ́kàndínlógún. Ó sọ ti mẹ́tàlélógún. Ó sọ ti lẹ́tà. Bàbá rẹ̀ ká ẹní náà tán, ó tún tú u, ó tún un ká.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù yín ló ń bà mí, Bàámi."

"Ẹ̀rù tèmi?" Ó wò ó bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Èmi tí mi ò lù ẹ́ rí?"

"Kì í ṣe ti lílù, sà. Bẹ́ ẹ ṣe máa ń pè mí ní ẹnjiníà ni."

Alájì Mùsúdù gbé ẹní náà kalẹ̀. "Sọ òótọ́ fún mi nísinsìnyí. Ìbéèrè yẹn, ṣé o rí i ṣáájú?"

"Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò rí i."

Alájì Mùsúdù mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Mi ò wọ inú yunifásítì rí láyé mi. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, kí n má tàn ẹ́. Ṣùgbọ́n a jọ máa lọ ni."

Lọ́jọ́bọ̀ náà, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó wọ aṣọ funfun tó fi lọ sí Mẹ́kà. Nínú yàrá ìgbìmọ̀, ẹni mẹ́ta ló jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn. Prófẹ́sọ̀ Ìkẹ́, obìnrin kan tó ní irun funfun, ni alága. Akọ̀wé kan jókòó sí ọ̀tún rẹ̀. Dókítà Fọláránmi, olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ náà, jókòó sí òsì, ó ká ọwọ́ gbera. Kò wo Hidaayah rárá.

Hidaayah kó ìwé tó ti fi kẹ́kọ̀ọ́ jáde, mẹ́rin ni, ó tò wọ́n síwájú wọn. Dókítà Fọláránmi ṣí ọ̀kan, ó rí ọwọ́ ìkọ̀wé méjì níbẹ̀.

"Ta ló ni ọwọ́ kejì yìí?"

"Ìyá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìntì ni, sà. Àwọn ló kọ́ mi."

"Kí ló dé tí wọn ò bá ẹ wá?"

"Ara wọn ò yá, sà."

Akọ̀wé gbé ojú sókè, ó sì kọ nǹkan kan sílẹ̀. Hidaayah mọ bí ìdáhùn yẹn ṣe dún létí ẹni tí kò mọ Mọ́mì Adébánjí. Ó fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rántí ìlérí tó ṣe.

Dókítà Fọláránmi ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ìwé. Bọ́ọ̀dù nìyẹn, dìde. Sísítẹ̀mù kan wà. Bí wọ́n bá gbá a lẹ́ẹ̀kan, ìró rẹ̀ á máa rọlẹ̀ kíákíá títí á fi kú. Ní báyìí, wọ́n tan iná sí i, wọn ò sì pa á mọ́. Kí ló máa jáde? Máa sọ ohun tí ò ń ṣe bó o ṣe ń ṣe é."

Ó kọ ìṣirò náà sórí bọ́ọ̀dù, ó padà jókòó.

Hidaayah mú máàkà tí wọ́n fi ń kọ bọ́ọ̀dù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, ó sì ń ṣàlàyé bó ṣe ń kọ ọ́. Ìlà kan, ìlà méjì, ìlà márùn-ún. Ó dé ìparí, ó ya àwòrán ohun tó jáde. Ìlà náà gòkè, ó ń gòkè sí i, kò dúró. Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ tí Dókítà Fọláránmi fa àga sẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ wú ikọ́ díẹ̀.

Hidaayah ṣí ẹnu láti sọ pé òun ti parí. Ojú rẹ̀ ṣì wà lára ìlà tó ń gòkè náà.

"Rárá," ó ní. "Irọ́ nìyí."

Prófẹ́sọ̀ Ìkẹ́ tẹ ara síwájú. "Kí ló jẹ́ irọ́?"

"Ohun tí mo kọ yìí, mà. Iná tí à ń fún un kò pọ̀ sí i. Sísítẹ̀mù náà, ńṣe ni ìró rẹ̀ ń kú. Kò lè wá máa pariwo sí i títí ayé. Ó yẹ kó gòkè díẹ̀, kó sì dúró sójú kan. Mo ti ṣìnà níbì kan."

Ó padà sí ìlà àkọ́kọ́. Ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ lọ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn, òógùn sì ń sàn lẹ́yìn rẹ̀. Ní ìlà kejì, ó dúró. "Ibí ni. Mi ò dojú ọ̀kan nínú sígínà méjèèjì kọ ẹ̀yìn kí n tó máa tì í lọ." Ó nu gbogbo rẹ̀ láti ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó tún un kọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ìlà náà gòkè jẹ́jẹ́, ó dé ibì kan, ó dúró síbẹ̀.

"Kí ló dé tá a fi ń dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn?" ni Dókítà Fọláránmi béèrè. "Kò sí nínú ìbéèrè ìdánwò. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ni."

"Gbígbá tó ti pẹ́ jù ni ìró rẹ̀ ti rọlẹ̀ jù, sà. Èyí tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ló ṣì le. Bá a bá fẹ́ ro ohun tó ṣẹ́ kù pọ̀ nísinsìnyí, a ní láti kà láti ìsinsìnyí padà sẹ́yìn."

Dókítà Fọláránmi wo bọ́ọ̀dù náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí Hidaayah àti bàbá rẹ̀ bọ́ síta.

Ìjókòó tí wọ́n jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn gùn ju gbogbo ọdún mẹ́ta lọ lójú Hidaayah. Àṣìṣe tó ṣe lórí bọ́ọ̀dù ló ń yí lórí rẹ̀. Ó dá a lójú pé ohun tí wọ́n máa fi lé òun nìyẹn. Alájì Mùsúdù ń ka tẹ̀súbáà, ètè rẹ̀ ń mì, ọwọ́ rẹ̀ kejì wà lórí orúnkún ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pè wọ́n padà, Prófẹ́sọ̀ Ìkẹ́ kò fa ọ̀rọ̀ gùn. "Máàkì rẹ dúró. A ti fagi lé lẹ́tà yẹn. Alájì, ẹ má bínú pé a dà yín láàmú." Dókítà Fọláránmi sì fi kún un pé, "Ẹni tó jí ìdáhùn kì í mọ ìgbà tí ìdáhùn bá parọ́. Bá mi kí olùkọ́ rẹ."

Alájì Mùsúdù dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn títí wọ́n fi kúrò níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé òde ni Hidaayah tó sunkún, bàbá rẹ̀ sì fi etí aṣọ Mẹ́kà rẹ̀ nu ojú fún un níwájú gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn méjèèjì jọ lọ sí Festac. Mọ́mì Adébánjí jókòó sí pálọ̀, ó kí wọn dáadáa, kò sì mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Hidaayah kò bá a jiyàn orúkọ. Ó yọ bébà tó tún ìṣirò bọ́ọ̀dù yẹn kọ sí, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Obìnrin náà gbé gíláàsì rẹ̀ sókè. Ó kà á, ó tún un kà, ó na ọwọ́ fún bíró.

"O kò sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Kí wọ́n tó tan iná ńkọ́?"

Hidaayah tẹjú mọ́ bébà náà. Òótọ́ ni. Dókítà Fọláránmi gan-an kò rí i. "Kò sí nǹkan kan kí wọ́n tó tàn án, mà. Òdo ni."

"Kọ ọ́, nígbà náà."

Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó kọ ọ́. Mọ́mì Adébánjí mi orí. "Ó kọ́ ẹ dáadáa, olùkọ́ tó kọ́ ẹ."

Lójú inú, Hidaayah rí ọjọ́ tí ń bọ̀, ọjọ́ tí òun máa gbé bébà lé ọwọ́ yìí, tí bébà náà kò ní sọ nǹkan kan fún un mọ́. Kò mọ ìgbà tó máa jẹ́. Ó lè jẹ́ Sátidé tó ń bọ̀. Ó wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí tó kàn fún yín, mà," ó ní, ó sì fa àga sún mọ́ ọn.